Kí A Tó Kọ Orúkọ Yunifásítì Sílẹ̀: Ìrìn Tí Òbí Àti Ọmọ Ní Láti Jọ Rìn

Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ṣe ń wọ yunifásítì: ìdánwò, máàkì, àti bí a ṣe ń mú ilé ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, èyí tí a kì í sábà dárúkọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé kí òbí àti ọmọ jọ wọ ọkọ̀, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbèrò, kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì.

Bí ọmọ wa obìnrin bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, a kì í kàn gbà bẹ́ẹ̀. A ó rán èèyàn lọ sí ìlú wọn, a ó wádìí ìdílé, a ó wádìí àìsàn, a ó wádìí gbèsè. Ibi tí ọmọ yóò ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ẹni tó fẹ́ di dókítà yóò ti lo mẹ́fà, a kì í rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń yàn án. Èrò kún ibùdó ìforúkọsílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, “Yunifásítì wo lẹ fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́?” Ọmọ á wo ojú ìyá, ìyá á tẹ bàbá láago, bàbá á ní, “Kọ Ìbàdàn sí i.” “Ìkejì ńkọ́ sà?” “Fi èyíkéyìí sí i.” Ó ti parí nìyẹn.

“Fi èyíkéyìí sí i” yẹn gan-an ni mo wá bá jà lónìí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí èrò ń rọ́ lọ, bí Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ẹni tó bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wojú, wọn kì í sì í sábà wo ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ kò bá tó 200 nínú 400. Ibi tí a fi ṣe ìkejì láìronú lè wá di ibi tí ọmọ yóò bá ara rẹ̀.

Àwọn bàbá wa kò ní irú ìyọnu yìí. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ọsibítù rí. 1952 ni wọ́n kó lọ sí ibi tí wọ́n wà títí dòní. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kí lèèyàn fẹ́ yàn nínú rẹ̀? Nílẹ̀ Yorùbá, ó di 1962 kí Ifẹ̀ àti Èkó tó dára pọ̀ mọ́ ọn. Lónìí, àwọn yunifásítì tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ti lé ní 250, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni. Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, Ìlọrin, Ọ̀jọ́, Agọ́-Ìwòyè, Adó-Èkìtì, Abẹ́òkúta, kí n tó dárúkọ ti àwọn ìjọ àti ti àwọn olówó. Ojú ń pọ́n òbí láti mọ èyí tó dára, ló bá gbójú lé fọ́tò tó rí lórí fóònù. Géètì ló sì máa ń wà nínú fọ́tò. Géètì kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní SS2 nígbà náà, ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ìyá sì ti pinnu pé Ifẹ̀ ni yóò lọ, pé ẹ̀kọ́ ìpoògùn ni yóò ṣe. Ìyá náà kò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ló bá ní kí n bá àwọn lọ. A wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn, a tún wọ òmíràn sí Ifẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ yóò jẹ́rìí mi pé títì tó ti géètì wọnú ọgbà gùn. Ẹni tó bá ní òun á fẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn yóò kábàámọ̀. Ọkọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń wọ̀. Èèyàn á kọjá lára igi àti òkè kí àwọn ilé ńlá tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, yàwòrán wọn tó yọ. Lára wọn ni àwọn tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ti òkè lè ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, kí òjò àti oòrùn má baà wọlé. Ìyá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Odùduwà, ó ń wò ó sókè sódò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí mà dáa o.” Ọmọ kò sọ nǹkan kan.

A dé ẹ̀ka ìpoògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dá wa lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ìyá béèrè ọdún tí wọ́n ń lò, ó béèrè bóyá wọ́n ń tètè ríṣẹ́, ó béèrè iye tí ìwé ń náni. Ìbéèrè gidi ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ mo ń wo ọmọ náà: ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró, fóònù ló ń wò. Nígbà tó ṣe, ó fà mí láṣọ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Bíìgì Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà?”

A béèrè ọ̀nà, a sì lọ. Ìyá rò pé ọmọ kàn fẹ́ ríran ni. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ kì í ṣe ibi kékeré: láàárín àwọn tó kọ́ni àti àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ọ̀nà ti jáde ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Filani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ní àwòrán, àwọ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́ Yorùbá tó láti fi ṣe iṣẹ́ ọnà òde òní. Ìyá kò mọ ìyẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un lọ́jọ́ náà. Aṣọ kan ló rí, tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró.

Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbẹ̀, ó mú etí aṣọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e símú. Ó ní, “Aró yìí ò wọnú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rẹ ẹ́.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni aṣọ yọ lójú fèrèsé, ó sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀: “Òótọ́ ni mà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó jẹ́ mà?” Bí ìyá ṣe gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ oníko, èyí tí a fi ìko dì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sí kí aró má baà mú ibẹ̀. Ọmọdébìnrin tí kò la ẹnu láti àárọ̀ bọ́ sáàárín wọn, ó gba ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ń fi bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń fà á hàn án. Mo dúró sí ibòji, mo ń wo ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò sì rọ̀gbà yí wa ká. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti sọ ọ́. “Màámi, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe ìpoògùn ni mo fẹ́ ṣe. Aṣọ ni mo fẹ́ kọ́.” Ìyá ní, “Aṣọ tí mo fi ń tọ́ ẹ yìí? Torí kí o má baà jókòó sí Ìtòkú ni èmi ṣe ń jókòó síbẹ̀.” Ọmọ ní, “Mo mọ̀ mà.” Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀, títí a fi wọ Ìbàdàn.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọjọ́ náà ni ìyá gbà. Kò gbà. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí: ó mọ ohun tó wà nínú kí èèyàn máa ta aṣọ nígbà tí epo ọkọ̀ bá gbówó lórí àti nígbà tí aṣọ ilẹ̀ òkèèrè bá dà sọ́jà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún yọjú tí kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti mẹ́ta tó bá ohun tó fẹ́ kà mu. Ẹni tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, tí kò ṣe iṣẹ́ ọnà ní sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀nà iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì há fún un. Nítorí pé SS2 ni ọmọ náà wà, ààyè ṣì wà. Ìyá lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ fi iṣẹ́ ọnà kún sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Ibi tí àdéhùn wọn dé nìyẹn: kí ilẹ̀kùn méjèèjì wà ní ṣíṣí, kí wọ́n tún jọ wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ká ní ọjọ́ Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, ni wọ́n kọ́kọ́ dé Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe, ọmọ náà ì bá ti fi ẹ̀kọ́ ìpoògùn ṣe àkọ́kọ́, ì bá sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì.

Ẹ̀yin òbí, a ti tọ́ àwọn ọmọ wa dáadáa, a kò sì gbọ́dọ̀ kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í gbó àgbà lẹ́nu. Nítorí náà, bí a bá béèrè nínú pálọ̀ pé, “Kí lo fẹ́ kà?” ohun tó mọ̀ pé a fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ. Kì í ṣe irọ́ lọ́kàn tirẹ̀, ìbọ̀wọ̀ ni. A wá ń rò pé a ti fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀, tí ojú ẹni kò kọjú síra, tí bàbá kò jókòó sórí àga bàbá, ẹnu ọmọ á là. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọmọ kò lè wúlò fún wa bí a kò bá wá ibi tó ti lè sọ ọ́ jáde.

Kí ni kí ẹ wò tí ẹ bá débẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ilé àwọn aláṣẹ hàn yín. Ọmọ ọdún 16 lòfin gbà kó wọ yunifásítì. Ọmọ tí kò tíì fi ọ̀sẹ̀ kan dá gbé rí ni à ń kó lọ síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí yóò sùn. Ẹ béèrè bóyá ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ń rí ibùsùn nínú ọgbà, tàbí wọ́n ń balọ́ọ̀tì fún un, tàbí ìta ni gbogbo wọn ń gbé. Mo ti dé họ́sítẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n kun lọ́dà tuntun, tó rẹwà lójú, tí ẹ̀rọ omi kan kò yọ omi nínú gbogbo ilé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pọnmi bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè ló jẹ́ ká mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ bi. Wọn kì í fi bò. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kàwé lóru tí kò bá síná, àti bí ọmọbìnrin ṣe ń dé ilé láti ibi ìkàwé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè o. Òbí tó bá gba ìbéèrè lẹ́nu ọmọ ti ba ìdajì ìrìn náà jẹ́.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti òbí láti béèrè, nítorí àwọn ọmọ kì í rántí rẹ̀: ìfọwọ́sí. NUC máa ń yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe yunifásítì lódindi nìkan. Ẹ̀ka tó bá yege pátápátá, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún un. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, ọdún méjì, kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun. Yunifásítì olókìkí lè ní ẹ̀ka tó ń mí gúlegúle. Fún iṣẹ́ ìṣègùn, MDCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ lè gbà. Fún òfin, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà ju iye wọn lọ, ẹ̀yìn ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń já sí: àwọn kan máa ń parí ọdún márùn-ún òfin, kí wọ́n tó máa tò fún ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin. Ẹ wọ ọ́fíìsì ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́, ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọdún wo ni wọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́yìn, báwo ló ṣe lọ? Ibi tí ara wọn bá mọ́, wọn yóò dá yín lóhùn.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń lọ lọ́nà yẹn, ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ nípa iye tí ẹ lè san. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, a wá ń jẹ́ kí ọmọ máa lá àlá yunifásítì aládàáni tí owó rẹ̀ lọ́dún kan ju èrè ọjà wa lọ. Mo mọ ìdí tí àwọn òbí fi ń sá lọ sọ́dọ̀ aládàáni: ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ ní 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba mẹ́jọ, ọmọ jókòó sílé, ọjọ́ orí ń lọ. Ìrora gidi ni. Síbẹ̀, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó jẹ gbèsè: owó ilé ẹ̀kọ́, ibùsùn, oúnjẹ, ìwé, owó ọkọ̀ lọ bọ̀. Fún àwọn tó bá lọ sí ti ìjọba, owó yíyá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND wà, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024. Kò ní èlé, yunifásítì ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ sì lè gba owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù pẹ̀lú. Yíyá ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí náà kí ọmọ mọ̀ pé òun ni yóò dá a padà. Ọmọ tó bá mọ agbára ilé rẹ̀ kì í náwó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun “mọ èèyàn nínú ọgbà”. Láti 2017, orí ètò CAPS ti JAMB ni gbogbo ìgbàwọlé ń gbà kọjá; ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á mú ọmọ wọlé, ó ń jẹ yín ni. Bí ìbátan bá wà níbẹ̀, kó fún yín lómi mu, kó fi ọ̀nà hàn yín, ó tó.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ìrìn yìí dáadáa. Àwọn yunifásítì Bìrìtìkó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún òbí àti ọmọ, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó dè wọ́n, tí wọ́n á wo ibùsùn àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ọmọ tó kọ ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún tó fẹ́ sílẹ̀. Mo ń bẹ àwọn yunifásítì wa, tí ọ̀kan nínú aláṣẹ wọn bá wà láàárín wa níbí, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún. Kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, kí àwa má dúró dè wọ́n.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ? Ẹ lọ nígbà tí ọmọ wà ní SS1 tàbí SS2, ìsinmi ráńpẹ́ àárín táàmù sì dára jù. Kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí yunifásítì sì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ pè kí ẹ tó lọ. Ọgbà òfìfo kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó wà l'Ékòó tó fẹ́ wo Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin ń gbé èrò láti Ẹ̀bútè-Mẹ́ta dé Mọ́níyà, takisí míkírà á sì gbé yín gba Òjóò dé géètì yunifásítì. Bí bàbá kò bá ráyè, kí ìyá lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá ráyè, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí lọ, ẹni tí ọmọ kì í bẹ̀rù láti bá sọ̀rọ̀. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, kí òbí mẹ́rin-márùn-ún jọ háyà bọ́ọ̀sì kan, tàbí kí ẹgbẹ́ yìí bá wọn ṣe é. Mo ti bá alága sọ ọ́ kí a tó jókòó, ó sì ní ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyí. Wọ́n ní àsìkò ìbéèrè ló kàn. Mo tọrọ ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn kọ́kọ́ dìde, kí wọ́n béèrè tiwọn tán, kí ẹ̀yin tó na ọwọ́. Ìwọ tó wọ gíláàsì lẹ́bàá fèrèsé, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ. Bẹ̀rẹ̀.